Koríko Iwájú Ilé Wa

Aládùúgbò mi ń fín oògùn sí koríko ilé rẹ̀. Òórùn náà gba ojú fèrèsé wọlé, mi ò sì lè jókòó mọ́.

Ní ìlú wa, Ìṣẹ́, nígbà tí mo wà ní kékeré, ọwọ́ ni ìyá mi fi ń tu èpò kúrò láàárín koríko iwájú ilé wa, ìgbẹ́ ewúrẹ́ ló sì fi ń ṣe ajílẹ̀ rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo lóṣòó tì í, oòrùn ń ta mí lẹ́yìn, èèrà ń gun ẹsẹ̀ mi, ọkàn mi ti wà lórí pápá. Ayálégbé wa tuntun ti oko kòkó dé, ó rọ oògùn apakoríko sínú ìgò ẹlẹ́rìndòdò.

"Màmá, ẹ fín eléyìí sí i, ẹ ó sinmi."

"Gbé e kúrò ní ulé mi!"

Igbe náà tú adìyẹ ká. Bí ọkùnrin náà ti lọ, ìyá mi fà mí mọ́ra.

"Lanu."

Ó gbóòórùn ẹnu mi. Mo rò pé ẹran tí mo jí jẹ ló ń wá.

Mo ti dàgbà kí n tó gbọ́ pé irú ìgò bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi gbé mu lóko, kí wọ́n tó bí mi.

Mo sáré jáde. Ọmọ mi ń ṣeré lẹ́bàá ògiri aládùúgbò. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Lanu."