Fàtíù Alásíá Létí Ìlẹ̀kùn Omi

Bí wọ́n bá bi Fàtíù níbi iṣẹ́ pé ọmọ ibo ni, á ní ọmọ Abraham Adésànyà Estate lòun. Irọ́ funfun báláú ni. Abúlé apẹja kan létí ọ̀sà, ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló ṣì ń sùn. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ti ba àwọn ará abúlé náà lórúkọ jẹ́, wọ́n ní àwọn apẹja wọ̀nyẹn ló ń jí irin ibi iṣẹ́ gbé. Fàtíù kò fẹ́ kó kan òun.

Ìlẹ̀kùn omi ni wọ́n ń kọ́ fún èbúté tuntun. Ẹ fojú inú wo yàrá kọnkéré ńlá kan nínú omi, ìlẹ̀kùn irin níwájú, ìlẹ̀kùn irin lẹ́yìn. Ọkọ̀ á wọlé, wọ́n á tì í mọ́ ibẹ̀, omi á máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi bá omi èbúté dọ́gba. Fàtíù ló ń fi àsíá darí ẹni tó ń wa kéréènì. Bó bá gbé e sókè, irin á gòkè. Bó bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, irin á sọ̀ kalẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n fi àsíá lé e lọ́wọ́, àfi bí ẹni tó joyè.

Inú ìyá rẹ̀, Ràhímátù, dùn ju tirẹ̀ lọ. Ó se ìkọ́kọrẹ́, ó fi aṣọ wé abọ́, ó wa ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ wá síbi iṣẹ́ lọ́sàn-án gangan. Kò tíì dé etí ògiri kọnkéré náà tó ti ń fi oríkì ké sí i: "Àyìndé! Àyìndé mi, ọmọ apẹja tó ń pàṣẹ fún irin!"

Gbogbo òṣìṣẹ́ yíjú. Ẹnjiníà Olúdélé, ọ̀gá wọn, bi í pé, "Fàtíù, ṣé o know mama yìí ni?"

"Rárá o, sà. Bóyá ẹlòmíì ni wọ́n ń wá." Ó wá fi àsíá lé ìyá tó bí i padà. "Màmá, ẹ máa lọ. Wọn ò gba ará ìta láàyè níbí."

Ràhímátù wò ó. Ó kúnlẹ̀ sínú ọkọ̀, ìyá kúnlẹ̀ fún ọmọ, ó ní, "Ẹ má bínú, ọ̀gá." Ó yí ọkọ̀ padà tòun ti ìkọ́kọrẹ́.

Ojú ti Fàtíù, ìtìjú náà sì bá a délé. Nírọ̀lẹ́, ó dọ̀bálẹ̀. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn èèyàn ń wò mí ni." Ìyá ní kò sí nǹkan kan, ó gbé oúnjẹ fún un. Ìkọ́kọrẹ́ yẹn náà ni. Ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Láti ọjọ́ náà, kò gbọ́ Àyìndé lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Fàtíù lásán ló ń pè é, bí ẹni ń pe ọmọ aládùúgbò.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ da omi sínú yàrá náà, wọ́n ní kí ọkọ̀ àwọn apẹja gbà á kọjá, kí wọ́n fi dán an wò. Ràhímátù wà lára wọn. Omi ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ bọ̀ sókè títí ó fi kan etí ògiri tí ọmọ rẹ̀ dúró sí. Fàtíù ju àsíá sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kọnkéré tútù níwájú Ẹnjiníà àti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀.

"Ìyá mi nìyí," ló ń wí. "Ìyá tó bí mi nìyí."

Ràhímátù di etí ògiri mú kí ọkọ̀ má baà fì. Ohùn rẹ̀ kò le rárá.

"Ẹ dìde, ọ̀gá," ó ní. "Àwọn èèyàn ń wò yín."