Àgbàdo Tí Àǹtí Gunhild Ò Fi Dáná

Òtútù ló pa Àǹtí Gunhild Tveit, nínú ilé tí àgbàdo kún dé àjà. Èmi Orrin, tí gbogbo ìlú Halden mọ̀ pé mo lè ta yìnyín fún ẹni tí yìnyín bo ilé ẹ̀ mọ́lẹ̀, èmi ni mo kanlẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Wọ́n jókòó ti sítóòfù. Sítóòfù tutù. Àwọn náà tutù. Búláńkẹ́ẹ̀tì wọn, àgbàdo ni wọ́n fi bò.

Gbogbo wa là ń fi àgbàdo dáná nígbà òtútù yẹn. Èédú wọ́n, àgbàdo ò lówó lórí, a sì ń jù ú sínú sítóòfù bí igi. Àǹtí lọ bá Alvord Pruitt, ọ̀gá ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ àti ìrànwọ́ ní agbègbè wa, pé kó fún àwọn ní èédú díẹ̀. Mo tẹ̀lé wọn lọ. Èédú mú sítóòfù ọ́fíìsì yẹn gbóná débi pé Pruitt ṣí fèrèsé.

"Màmá, àgbàdo ṣáà kún ilé yín. Ẹ fi dáná."

"Òbí irúgbìn ni wọ́n, Alvord. Ta ló ń fi òbí dáná?"

"Òbí kẹ̀! Àgbàdo játijàti yẹn? Ẹlẹ́dẹ̀ mi gan-an á kọ́kọ́ bi mí pé kí ló ṣe é."

Ni gbogbo àwọn tó wà ní ọ́fíìsì bá bú sẹ́rìn-ín.

Játijàti ni lóòótọ́. Mi ò ní purọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irọ́ ló ń bọ́ mi. Níbi ìdíje àgbàdo, tí wọ́n ti ń fún èyí tó bá rẹwà jù ní rìbọ́ǹnì, Pruitt ni adájọ́, àgbàdo Àǹtí sì ni yẹ̀yẹ́. Hóró ẹ̀ fọ́nká bí eyín arúgbó. Ẹ̀wà kọ́ ni Àǹtí ń wá. Wọ́n á fi àpò pépà bo ìtànná orí àgbàdo, wọ́n á bo irun ẹ̀ náà, wọ́n á wá gbọn lẹ́búlẹ́bú ìtànná ọ̀hún sórí irun igi kan náà, kó má baà gba ti ará ìta. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ìdílé àgbàdo yẹn á máa kúrú, á máa rù. Ìgbà yẹn ni wọ́n á wá fi ìdílé kan fún èkejì bí ìyàwó, kí wọ́n di òbí. Háà! Ẹ wo ọmọ! Ìjì ò wó o, ọ̀dá ò rí i gbé ṣe. Èmi ni mo tà á kiri fún àwọn àgbẹ̀.

"Orrin," wọ́n á ní, "ẹnu ẹ yìí á ta àgbàdo kó tó hù. Ṣùgbọ́n sọ fún wọn o, kí wọ́n má gbin èyí tí wọ́n bá kórè. Ohun tó sá pamọ́ sára ọmọ, ara ọmọ-ọmọ ló ń yọ sí. Kí wọ́n padà wá bá mi lọ́dọọdún, kí n tún so àwọn òbí pọ̀."

Wọ́n ní ìgbà téèyàn bá kú ló ń dère. Àǹtí kú, ère dà? Pruitt ní kí wọ́n kó ẹrù ilé Àǹtí jáde, wọ́n sì da àwọn òbí àgbàdo yẹn sílẹ̀ fún ẹlẹ́dẹ̀. Mo sáré débẹ̀, mo pariwo títí.

"Orrin, lọ wá nǹkan míì tà," Pruitt ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí Àǹtí fi ẹ̀mí wọn ṣọ́, ẹlẹ́dẹ̀ jẹ ẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ wá wo oko báyìí. Nígbà tí kò síbi téèyàn lè padà sí, àwọn àgbẹ̀ gbin èyí tí wọ́n kórè. Òmìrán dúró ti aràrá lórí ebè kan náà, òmíì ò tiẹ̀ yọmọ. Wọ́n ní, "Orrin, ṣe bí o ní kò sí irú ẹ̀?" Kò sí irú ẹ̀ mọ́ lóòótọ́! Níbo ni kí n júwe fún wọn? Ibojì aláìní, tí wọ́n ri igi kan mọ́lẹ̀ sí, tí wọn ò kọ orúkọ sí?

Alvord Pruitt, lọ́jọ́ ìdíje àgbàdo tó ń bọ̀, dúró níbi tó o máa ń dúró ṣe adájọ́. Kí o sọ fún wa ìdí tí èédú fi wà fún ẹ, tí kò sí fún Àǹtí. Kí o sọ ẹni tó pàṣẹ kí wọ́n kó òbí àgbàdo fún ẹlẹ́dẹ̀. Kí o sì lọ kọ orúkọ sórí ibojì yẹn.

Títí dìgbà yẹn, ọjà kan ṣoṣo ni mò ń tà ní Halden. Iwájú ọ́fíìsì rẹ ni màá ti máa polówó ẹ̀ láràárọ̀: Gunhild Tveit! Gunhild Tveit rèé o! Fèrèsé tó o ṣí nítorí ooru yẹn, má tì í.