Píà Tí Signor Bruno Fọwọ́ Ara Wọn Bó

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé oúnjẹ síwájú Signor Bruno, wọn ò wo oúnjẹ náà rárá. Èmi ni wọ́n ń wò.

"Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ jẹ ẹ́."

Mo bu ọbẹ̀ náà mu. Ó korò díẹ̀, àmọ́ mo ní radicchio ni, ewébẹ̀ pupa tí wọ́n ń jẹ níhìn-ín, tó máa ń korò. Wọ́n tẹjú mọ́ ọ̀fun mi títí mo fi gbé e mì. Síbẹ̀, wọ́n ti àwo náà sẹ́yìn.

Badante ni mí ní Padova, ní ilẹ̀ Ítálì: arúgbó là ń tọ́jú nínú ilé wọn, à ń wẹ̀ fún wọn, à ń bá wọn jókòó. Mo ti ṣe é ní Treviso kí n tó kó wá sí Arcella, àdúgbò kan níbí. Mo ti rí èyí tó ń bú mi, mo ti rí èyí tó ń fi orúkọ ìyàwó rẹ̀ tó ti kú pè mí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fura sí ọbẹ̀, n kò rí irú rẹ̀ rí.

Marco, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ló gbà mí síṣẹ́. Òun ló ń gbé ọbẹ̀ náà wá láti ilé rẹ̀. "Ọjọ́ ogbó ló ń dà wọ́n láàmú," ló sọ fún mi. "Ẹ má dá wọn lóhùn." Bàbá sì ń gbẹ lójú mi. Dókítà ní bí wọn kò bá jẹun, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló kù. Nígbà tó yá, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í fura: kí ló dé tí Marco kì í fẹnu kan ọbẹ̀ tó ń gbé wá?

Ọmọ mi Fèyí ló yọ mí. Mo ń ṣàlàyé fún un nílé pé Bàbá kì í jẹ ohun tí wọn kò rí bí a ṣe sè é, ló bá nawọ́ sí píà tó wà lórí tábìlì.

"Allora fagli il guacamole, mamma."

Ó ní kí n ṣe guacamole fún wọn, pé antipasto àwọn ará Mẹ́síkò ni, ohun tí wọ́n fi ń ṣí ọ̀fun. Kò fẹ́ iná, kò fẹ́ ẹran, kì í sì í pẹ́ ṣe.

Lọ́jọ́ kejì, mo kó gbogbo rẹ̀ síwájú Bàbá láìgé: píà, tòmátò, àlùbọ́sà, ọsàn wẹ́wẹ́. Wọ́n yí píà náà síwá sẹ́yìn, wọ́n ń wá ojú abẹ́rẹ́ lára rẹ̀. Wọn ò rí. Wọ́n gba ọ̀bẹ, wọ́n bó o fúnra wọn. Mo fi fọ́ọ̀kì tẹ̀ ẹ́, mo rẹ́ tòmátò àti àlùbọ́sà sí i, mo fún ọsàn lé e. Ibi iyọ̀ ni wàhálà wà, nítorí iyọ̀ kò ní èèpo. Àfi ìgbà tí mo lá a kí wọ́n tó gbà. Wọ́n wá fi ìpékeré àgbàdo bù ú, wọ́n sì jẹ ẹ́ tán.

"Ṣé kí n fi ẹran díẹ̀ sí i lọ́la?"

"Rárá. Ẹran ti kọjá lọ́wọ́ èèyàn púpọ̀ jù."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Marco bá wa nídìí rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó pè mí sẹ́nu ọ̀nà, ó ki ìgò kékeré kan bọ̀ mí lọ́wọ́.

"Gocce ni, oògùn tí wọ́n ń kán. Ẹ máa kán an sí nǹkan aláwọ̀ ewé yẹn. Ọsàn á bo kíkorò rẹ̀."

"Ṣé èyí lẹ̀ ń kán sí ọbẹ̀?"

"Dókítà ló ní kí wọ́n lò ó. Wọ́n kọ̀ ọ́. Wọn kì í sùn, wọ́n ń rìn káàkiri. Kí ni kí n ṣe?"

N kò gbà á gbọ́. Mo pe dókítà níṣojú rẹ̀. Dókítà ní lóòótọ́ lòun ní kí wọ́n lò ó. Marco kò parọ́. Ṣùgbọ́n Bàbá náà kò parọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Signor Marco, n kò ní kán an síbẹ̀."

"Ó dáa, ẹ lọ wá iṣẹ́ mìíràn."

Síbẹ̀ mo wọlé, mo gbé ìgò náà kalẹ̀ níwájú Bàbá.

"Bàbá, oògùn tí dókítà ní kẹ́ ẹ máa lò nìyí. Ó korò. Òun ló wà nínú ọbẹ̀ yẹn."

Wọn ò wò mí. Ọmọ wọn ni wọ́n wò.

"Marco?"

Marco jókòó, ó fọwọ́ bojú. "Bẹ́ẹ̀ ni, Papà."

Bàbá ṣí ìgò náà, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n ní kí n bu omi wá. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n kán an, wọ́n ń ka ẹ̀kán rẹ̀ sókè. Wọ́n gbé e mu, wọ́n fajú ro.

"Ó korò," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo mu."

Marco kò lé mi. Nígbà tí ọjọ́ Bàbá pé, orí bẹ́ẹ̀dì wọn ni wọ́n kú sí, nínú ilé ara wọn, èmi àti Marco lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.