Ẹrù Kan Ṣoṣo Tó Kù ní Ẹrù-Délé

Ẹnikẹ́ni tó bá dé Ìwéré-Ilé tó béèrè Bàbá Àpọ́nlé, ẹ̀rín ni wọn yóò kọ́kọ́ fi dá a lóhùn. Òun ló dá ilé iṣẹ́ Ẹrù-Délé sílẹ̀ ní Ṣakí, àwọn tí ń bá ará Òkè-Ògùn gbé ẹrù láti ìlú dé ìlú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó gun alùpùpù rẹ̀ wọ inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ girama Ìwéré-Ilé, níbi tí gbogbo ọmọ ilé ìwé ti tò sórí ìlà. Ó gbé páálì kan, ó lọ bá ọ̀gá ilé ìwé, Ọ̀gbẹ́ni Kọ́láwọlé, ọkùnrin tí àwọn olùkọ́ pàápàá kì í wò lójú.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹrù yín dé láti ọ̀dọ̀ ìyá yín. Kí ni wọ́n ń kì yín?"

"Bàbá, ṣé ẹ ò mọ̀ mí ni? Èmi ni pírínsípà."

"Mo mọ pírínsípà. Ìyá yín ò rán mi sí pírínsípà. Ọmọ wọn ni mò ń wá."

Ọ̀gbẹ́ni Kọ́láwọlé wo ẹgbẹ̀ta ọmọ tó ń wò ó, ó wo páálì tí àdín ń jò lábẹ́ rẹ̀, ó wá sọ nǹkan kan sínú irùngbọ̀n.

"Ẹ gbé ohùn sókè sà."

"Àjàgbé!"

"Àjàgbé! Ó ṣe é. Ẹ gba ẹrù yín."

Láti ọjọ́ náà títí tó fi fẹ̀yìn tì, kò sí ọmọ tó tún pè é ní pírínsípà lẹ́yìn rẹ̀. Àmọ́ kò bínú tó bí a ṣe rò. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ lẹ́yìn ọdún pípẹ́ pé láti ìgbà tí bàbá òun ti kú, ẹnikẹ́ni ò pe òun bẹ́ẹ̀ mọ́, àti pé nígbà tí òun wọ ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà, ńṣe ni òun ti ilẹ̀kùn, tí òun jókòó fún ìgbà díẹ̀.

Orí Bàbá Àpọ́nlé kò dàrú o. Ojú rẹ̀ ti rí nǹkan ni. Nígbà tí iṣẹ́ náà ṣì wà lórí alùpùpù kan ṣoṣo, ẹnì kan fi léèsì rán an sí "Ìyá Ayọ̀, ẹ̀yìn òkè, Ìgbẹ́tì." Ta ni kì í gbé ẹ̀yìn òkè ní Ìgbẹ́tì? Ìyá Ayọ̀ àkọ́kọ́ tó bá pàdé gba ẹrù, ó dúpẹ́, ó sì gbàdúrà fún un. Nígbà tí Ìyá Ayọ̀ tó ni léèsì yóò fi yọjú, èkejì rẹ̀ ti fi rán aṣọ, ó sì ti wọ̀ ọ́ jó síwájú pẹpẹ lọ́jọ́ ìkórè. Obìnrin náà kò purọ́, Ìyá Ayọ̀ ni lóòótọ́. Wọ́n ka àwọn ọmọ tó ń jẹ́ Ayọ̀ nílùú náà dé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kó tó rẹ̀ wọ́n.

Bàbá Àpọ́nlé dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ẹni tó ni aṣọ. Bó ṣe dìde ló ṣòfin. "Orúkọ, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n," ó ní. "Oríkì, àfi ará ilé." Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá fẹ́ fi ẹrù ránṣẹ́ yóò sọ oríkì ẹni tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí sétí akọ̀wé, akọ̀wé yóò kọ ọ́ sínú ìwé ńlá kan. Bí ẹni tó wá gbẹrù bá sọ oríkì tirẹ̀, tó bá ti ìwé mu, akọ̀wé á kọ "Ó jẹ́" síwájú orúkọ rẹ̀, torí a pè é, ó sì jẹ́. Bí kò bá bá a mu, ẹrù kò ní kúrò lórí pákó. Ẹrù-Délé kì í yára, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ẹrù kan kò ṣìlé mọ́.

Ẹ bi Àwáwù ará Ìlúà. Òun àti ọkọ rẹ̀ Ràmọ́nì ti ń bára wọn yan odì, ọkùnrin náà kò jẹ oúnjẹ rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko. Ẹrù Ràmọ́nì wá dé, òun fúnra rẹ̀ ń bẹ lóko iṣu, Àwáwù ló wá gbà á.

"Kí ni wọ́n ń kì í?" ni Bàbá Àpọ́nlé bi í.

"Bàbá Mojeed ni mo mọ̀ ọ́n sí."

"Ọdún mélòó lẹ ti fẹ́ra yín?"

"Ọdún méjìlélógún."

"Yéè! Ìwọ náà ló yẹ kó yan ara rẹ lódì."

Àwáwù gba ilé ìyá ọkọ rẹ̀ lọ tìtìjú-tìtìjú, ìyá wí fún un pé Àtàndá ni. Ó padà wá sọ ọ́, wọ́n gbé ẹrù fún un. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu rẹ̀ títí ó fi délé, ni Ràmọ́nì bá gbọ́ "Àtàndá, ẹ káàbọ̀ láti oko." Wọ́n ní iṣu tí ọkùnrin náà jẹ lọ́jọ́ náà, odó ńlá ló gba gígún rẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Ẹni tó fi oríkì parí ìjà ilé onílé ni kò lè fi parí tirẹ̀.

Òun àti Débọ́lá àbúrò rẹ̀ ni wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Ọmọ ìyá kan ni wọ́n, àwọn méjèèjì nìkan ni ìyá wọn sì fi sáyé lọ. Nígbà tí fóònù kún ìgboro, Débọ́lá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká máa fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sáwọn èèyàn. Ẹni tó bá ti ní nọ́ńbà lọ́wọ́, kó gbẹrù rẹ̀ kó máa lọ."

"Ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n ń fún ní nọ́ńbà," ni Bàbá Àpọ́nlé dáhùn.

Ojú àwọn oníbàárà ló ti sọ ọ́, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Èmi náà wà níbẹ̀, mo rẹ́rìn-ín. Débọ́lá kò rẹ́rìn-ín. Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Ìsẹ́yìn, ó dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó ń fi nọ́ńbà ṣiṣẹ́, ó sì rọ́wọ́ mú. Ọdún mẹ́jọ ni wọn kò fi bára wọn sọ̀rọ̀.

Ní ọdún kẹrin ìjà náà, lọ́sẹ̀ Kérésìmesì, Débọ́lá gbé páálì kan wá sí ẹ̀ka Ẹrù-Délé tó wà ní Ìsẹ́yìn. Mẹ́rin nínú ọkọ̀ tirẹ̀ ló ń lọ sí Ṣakí lójúmọ́. Akọ̀wé bi í pé kí ló dé tí kò fi ọkọ̀ tirẹ̀ gbé e. "Mo fẹ́ kó dọ́wọ́ ẹni tó ni ín," ló sọ.

Nígbà tí ẹrù náà dé Ṣakí, Waheedat, ọmọbìnrin tó ń kọ̀wé níbẹ̀, wo orúkọ tó wà lára rẹ̀, ó dìde dúró.

"Bàbá, ẹrù yín dé láti ọ̀dọ̀ Bọ̀ọ̀dá Débọ́lá. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń kì yín?"

"Èmi! Èmi tí mo gbà ọ́ síṣẹ́?"

"Ẹ̀yin náà lẹ ní a ò gbọdọ̀ gbà fún ọba pàápàá, Bàbá."

Òótọ́ ni, òun ló sọ ọ́. Ó wo páálì náà títí. "Àfi màmá wa àti Débọ́lá ló ń pè mí bẹ́ẹ̀," ó ní. "Tí mo bá pe orúkọ yẹn, mo ti jẹ́ ìpè Débọ́lá nìyẹn. Gbé e sórí pákó."

Orí pákó ló wà fún ọdún mẹ́rin. Láràárọ̀ ni Bàbá Àpọ́nlé ń nu eruku ara rẹ̀. Bó bá rò pé ẹnikẹ́ni ò rí òun, á gbé e sétí, á mì ín. "Bí ẹni pé nǹkan olómi ló wà níbẹ̀," á ní. Waheedat á ní, "Oríkì yín dà?" Òun náà á ní, "Ta ló bá ọ sọ̀rọ̀?" Gbogbo ìgboro ló gbọ́ ọ, a fi ń ṣe ẹ̀fẹ̀ ní gáréèjì. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó gbọ́n tó láti dì í lọ́wọ́ mú lọ sí Ìsẹ́yìn. Irínwó oríkì la lè kà fún un, a ò lè bá a wá ẹsẹ̀ kan tí yóò gbé e lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ó dúró síwájú tábìlì Waheedat, ó bọ́ fìlà. "Waheedat, ṣí ìwé yẹn. Wọ́n ń kì mí..." Bẹ́ẹ̀ ni oníbàárà kan já wọlé, òjò ń ro tótó lára rẹ̀, ó ń béèrè ọkọ̀ Ìgbẹ́tì. Bàbá Àpọ́nlé dé fìlà padà. "Ó di ọ̀la," ó ní.

Ọjọ́ kejì ni ibà dá a dùbúlẹ̀. Kò lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ.

Nígbà tí wọ́n máa sìnkú rẹ̀, gbogbo Òkè-Ògùn ló wá, Débọ́lá dá dúró lọ́tọ̀ lẹ́bàá kòtò. Bí àlùfáà ṣe ṣe àmín, Waheedat bọ́ síwájú pẹ̀lú páálì lórí àti ìwé ńlá lábíyá. Òfin Ẹrù-Délé ni pé ẹrù tí ẹni tó ni ín kò bá lè gbà mọ́, ẹni tó fi ránṣẹ́ ni yóò gbà á padà, ṣùgbọ́n yóò kọ́kọ́ sọ oríkì tó fi sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ó ní, "kí ni wọ́n ń kì ẹni tí ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí?"

Débọ́lá wo ilẹ̀. "Àlàó."

Waheedat gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ló kọ́ ọ níṣẹ́, bí ẹni náà ṣe ń ṣe é ló mọ̀. "Ẹ gbé ohùn sókè sà."

Ọ̀gbẹ́ni Kọ́láwọlé ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín láàárín èrò, òun náà ló kọ́kọ́ sunkún.

"Àlàó!" Débọ́lá pariwo. "Àlàó o! Ẹ̀gbọ́n mi, Àlàó!"

Wọ́n tú páálì náà síbẹ̀. Ìgò oyin méjì ni, oyin tí Bàbá Àpọ́nlé fẹ́ràn láti kékeré. Oyin kì í bàjẹ́, ọdún mẹ́rin kò ṣe é ní nǹkan kan. A ń ti ìka bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, a ń lá a, ó dùn.

Waheedat ṣí ìwé sí ojú ewé tí àyè kan ṣófo láti ọdún mẹ́rin. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Wọ́n pè é. Kò jẹ́."

Débọ́lá gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fa ìlà sórí "Kò jẹ́", ó wá kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ó gbọ́."