Fáìlì Kan, Èèyàn Méjì

Láti ìgbà tí mo ti gbé ìyàwó mi níyàwó, inú àwo kan la ti ń jẹun. Àwọn ọmọ dàgbà, wọ́n lọ, wọ́n fi ilé wa ní Ìkọ̀lé sílẹ̀ fún àwa méjì. A ò pín àwo náà. Mo rò pé ibẹ̀ ni àṣìṣe mi ti wá.

Ìyàwó mi ń kó ọ̀rọ̀ àwọn àgbẹ̀ Ìjẹ̀ṣà-Iṣu, ìlú ìyá rẹ̀, jọ: orúkọ iṣu, orúkọ oríṣiríṣi ebè, ohun tí wọ́n ń pe ewé iṣu tó bá ń rọ. Àwọn tó sọ wọ́n fún un ti darúgbó. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo bá a ṣètò ibi tó ń kó wọn sí. Fáìlì kan ṣoṣo ni, lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ nǹkan sínú rẹ̀, kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ ti fáìlì náà mọ́ àwọn yòókù, á sì ṣí i tí ẹni náà bá parí. Lórí kọ̀ǹpútà kan, kò ní wàhálà.

Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá kọ̀ǹpútà, ẹ jẹ́ kí n máa kọ tèmi lórí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ̀yin máa bá mi tún un tò ní pálọ̀. Àbí ẹ fẹ́ kí n lọ láì parí rẹ̀ ni?"

Mo gbé fáìlì náà sínú àpótí ìkópamọ́ tí gbogbo kọ̀ǹpútà ilé jọ ń lò lórí Wai-Fai. Mo mọ̀ pé lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, bí kọ̀ǹpútà kan bá ti fáìlì, èkejì lè má mọ̀. Ọdọọdún ni mo ń sọ ọ́ ní kíláàsì. Ṣùgbọ́n èèyàn méjì péré ni wá, a sì mọ bí a ṣe ń dúró de ọwọ́ ara wa.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwa méjèèjì kọ̀wé sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Fáìlì náà kò ṣí mọ́. Kí n tó dé ìdí ẹ̀dà tí kọ̀ǹpútà ń ṣe pamọ́ fúnra rẹ̀, èyí tó bàjẹ́ ti bo èyí tó dára mọ́lẹ̀.

"Ẹ ti jẹ ẹran tèmi mọ́ tiyín," ó ní. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. "Ẹ jókòó síbí. Èmi á máa pè é, ẹ̀yin á máa kọ ọ́."

Mo ṣí fáìlì tuntun, a bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ iṣu. A ò tíì dé orí ebè tó fi kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo lọ sí Ìjẹ̀ṣà-Iṣu láti béèrè àwọn ọ̀rọ̀ tó kù. Obìnrin kan tó ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́nu ọ̀nà wò mí dáadáa.

"Àwọn tó mọ̀ ọ́n ti lọ, sà. Ìyàwó yín ló bi wọ́n kẹ́yìn."

Fáìlì tuntun náà kò bàjẹ́ rí. Èmi nìkan ni mo ń ṣí i.