Ọwọ́ Ìyá Máìkì Lórí Bọ́tìnnì

Ọdún mọ́kàndínlógún ni obìnrin tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní Ìyá Máìkì ti ń tọ́jú ẹ̀rọ ohùn inú gbọ̀ngàn ńlá yunifásítì kan. Kò kàwé jìnnà, ṣùgbọ́n kò sí àríyànjiyàn òṣèlú kan tó wáyé níbẹ̀ tí kò ṣojú rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti mọ̀ pé ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti jókòó gbọ́ ìpàdé káńsù ìjọba ìbílẹ̀. Ó sì lọ jókòó lóòótọ́, tòun ti báàgì ọjà lórí itan.

Lọ́dún tó kọjá, àríyànjiyàn di ìjà. Àga fò, eyín ọmọ ọlọ́mọ yọ. Ọ̀gá àgbà yunifásítì là á mọ́lẹ̀ pé bí àga kan bá tún fò, àríyànjiyàn parí nìyẹn. Ni àwọn olùkọ́ bá ṣòfin tuntun: ẹni tó bá fẹ́ fèsì yóò kọ́kọ́ fi ẹnu lásán sọ ohun tí alátakò rẹ̀ wí, títí alátakò náà yóò fi gbà pé bẹ́ẹ̀ lòun wí. Ìgbà náà ni Ìyá Máìkì yóò tó tan máìkì fún un. Bó bá kùnà lẹ́ẹ̀mẹta, ó pàdánù àyè rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yìí, ọ̀rọ̀ dá lórí àwọn ìsọ̀ ẹ̀yìn ògiri yunifásítì tí káńsù fẹ́ wó kí títì lè fẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ìyá rẹ̀ ń ránṣọ níbẹ̀ ti sọ tirẹ̀ tán. Àfi bí ẹni tó dìde láti fèsì ṣe jẹ́ àbíkẹ́yìn Ìyá Máìkì gan-an.

"Ó ní kí wọ́n má fẹ títì," ni ọmọbìnrin náà wí.

"N kò sọ bẹ́ẹ̀!"

"Ó ní ìsọ̀ ìyá òun ṣe pàtàkì ju ẹ̀mí àwọn tí ọkọ̀ ń pa lọ."

"Irọ́ ńlá! Yọ ìyá mi kúrò lẹ́nu rẹ!"

Gbọ̀ngàn dàrú.

"Ìyá Máìkì, ẹ má ṣojúsàájú o! A mọ̀ pé ọmọ yín ni!"

"Ẹ tan án fún un, jàre!"

Ní ìlà kẹta, ọkùnrin kan ti gbé àga sókè. Ọmọ wo ìyá rẹ̀, ojú tó fi máa ń bẹ̀ ẹ́ ní kékeré ló fi wò ó. Òógùn bo àtẹ́lẹwọ́ ìyá. Bó bá tan máìkì, òfin bàjẹ́. Bí ọmọ bá sì tún kùnà, àga yóò fò.

Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́dún mọ́kàndínlógún, ó tan máìkì tirẹ̀.

"Ọmọ mi, o ò gbọ́ ohun tó wí. Èmi gbọ́. Bi í léèrè, kó tún un sọ. Ìwọ alága òkè yẹn, apá á ro ẹ́ o, gbé e sílẹ̀."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àga ṣì wà lókè.

Ọmọbìnrin náà yíjú sí alátakò rẹ̀. "Ó dáa. Kí lo wí gan-an?"

"Mo ní kí wọ́n kọ́ ìsọ̀ tuntun kí wọ́n tó wó ti àtijọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sọ ọ́. Ẹ̀rín lò ń rín."

Ọmọbìnrin náà tún un sọ: "O fara mọ́ ọn kí títì fẹ̀, ṣùgbọ́n kí ìsọ̀ tuntun ṣáájú."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbà. "Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́."

Bọ́tìnnì dún. Iná kékeré tàn lórí máìkì.

"Mo ṣì fẹ́ kí wọ́n fẹ títì náà kíákíá," ni ọmọ Ìyá Máìkì wí. "Ọkọ̀ tún gbá ẹnìkan lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bó bá jẹ́ ìsọ̀ ló máa ṣáájú, oṣù mélòó ni ká fún káńsù?"

Àga balẹ̀ ní ìlà kẹta. Ẹni tó gbé e jókòó lé e, ó ń wá bírò. Ìyá Máìkì nu ọwọ́ mọ́ aṣọ, ó sì dá ìka padà sórí bọ́tìnnì, nítorí ẹlòmíràn ti nawọ́.