Omu Mẹ́rin Lórí Òfì Sàídì

Orúnkún Sàídì ló kọ́kọ́ rẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yìn tẹ̀lé e. Nígbà tí yóò fi di ọdún tí ìjọba yí àwọ̀ owó padà, ojú náà ti dara pọ̀ mọ́ wọn.

Síbẹ̀, aṣọ ló ń hun. Lábẹ́ àtíbàbà ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Ṣàgámù, lórí òfì onígi ńlá tí ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan tó ti kógbá sílé tà fún un. Omu méjì, àwọn okùn tó ń gbé òwú sókè, àti ìtẹsẹ̀ méjì. Tó bá tẹ ọ̀kan, ìdajì òwú á gòkè. Tó bá tẹ èkejì, ìdajì yòókù. Aṣọ lásán, tí kò ní iṣẹ́ kankan lára.

"Bàbá, ẹ má bínú o," ni Àtinúkẹ́ wí, obìnrin tó máa ń ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ tà. "Aṣọ yín lágbára. Ó lágbára bí àpò gàrí. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ ró àpò gàrí? Èyí tó níṣẹ́ lára bí ìpẹ́ ẹja ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ mi. Mò ń bọ̀ lẹ́yìn Iléyá. Tí kò bá sí nígbà yẹn..."

Kò parí ẹ̀. Sàídì bá a parí ẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀. Ọjà Sábó. Iṣẹ́ alábàárù obì ló kù. Pẹ̀lú orúnkún yìí.

Hàbíbátù ìyàwó rẹ̀ ká àkísà kan ní òṣùká, ó fi kọ́ ara òfì. "Kì í ṣe pé mò ń lé yín lọ. Orí yín ni mò ń tọ́jú."

Omu mẹ́rin ni iṣẹ́ ìpẹ́ ẹja ń fẹ́. Sàídì rẹ́ pákó, ó fi ìtẹsẹ̀ méjì kún méjì. Ó ku omu méjì. Gbogbo okùn ara àwọn ti tẹ́lẹ̀ sì ti gbó, wọ́n ní láti so ti mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tuntun. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́, tí a so ojú kan sí láàárín, kí òwú kan gba ibẹ̀ kọjá. Òmíràn. Òmíràn. Tọkọtaya ń so ó, wọ́n ń jù ú sínú agbọ̀n kan náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣì í.

Ọjọ́ tí Sàídì kọ́kọ́ tẹ ìtẹsẹ̀ tuntun, òwú gòkè ségesège bí eyín ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Ọ̀kọ̀ tó ń gbé òwú ìdábùú kọjá há sáàárín wọn. Òwú já.

"Òfì yìí ti dàgbà jù," ni Sàídì wí. "Bíi tèmi. Gbé òṣùká yẹn wá."

Hàbíbátù kò gbé e. Ó fa okùn méjì yọ, ó tò wọ́n pọ̀. Ọ̀kan kúrú.

"Èmi ni mo so èyí. Ẹ wo bó ṣe fún. Ọwọ́ tó ti ń di àpò obì láti kékeré. Tiyín dẹ̀. Ẹ sì máa ń sọ pé èmi ni mo dẹ̀ jù nínú àwa méjèèjì."

"Èmi kò sọ bẹ́ẹ̀ rí."

"Bàbá Kúdírátù! Níwájú ìyá yín lẹ ti sọ ọ́."

Kò sí ojú tàbí agbára láti tún gbogbo rẹ̀ so. Wọ́n kàn ṣà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tìyàwó lórí omu méjì iwájú, tọkọ lórí méjì ẹ̀yìn. Wọ́n rọ tìyàwó sílẹ̀ díẹ̀, kí gbogbo ojú lè dọ́gba. Lẹ́yìn náà, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í ki òwú bọ ojú omu. Lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìn ń ro wọ́n.

Sàídì tẹ ìtẹsẹ̀. Òwú gòkè, gbogbo rẹ̀ dọ́gba. Títí di ìrọ̀lẹ́, aṣọ tó hun kò ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ.

"Ṣé ó jọ ìpẹ́?"

Hàbíbátù tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wò ó. "Ó jọ ọ́. Ẹja kékeré ni."

Ìtẹsẹ̀ mẹ́rin báyìí. Iṣẹ́ orúnkún ti di ìlọ́po méjì, Iléyá sì ti sún mọ́lé. Sàídì rọra dìde, ó mú òṣùká. Hàbíbátù ń wò ó.

Ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ńṣì òfì. Ó jókòó lé e.

"Pákó yìí le jù," ló wí, ó sì na ẹsẹ̀ wá ìtẹsẹ̀.